Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wíwú Ni Ṣegede

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé wa ní Owódé Ẹ̀gbá, Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ilé yín tó jẹ́ pé bí ó bá ti jókòó ti ìrẹsì Ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ yóò wú, yóò sì máa ro ó, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá ti tán fún ìgbà díẹ̀, wíwú náà yóò rọlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní ṣegede ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ṣegede. Àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń mú. Ó ń ràn, ibà a sì máa bá a rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò lọ. Wíwú tí ń bá oúnjẹ wá, tí ó sì ń padà wá lemọ́lemọ́, ọ̀ràn mìíràn ni.

Ibi tí itọ́ ti ń wá

Ọlọ́run dá àpò itọ́ ńlá mẹ́fà sí wa lára, mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì: ọ̀kan níwájú etí, ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀kan lábẹ́ ahọ́n. Ihò tóóró ni itọ́ ń gbà dé ẹnu. Nígbà mìíràn, èròjà inú itọ́ a máa dì, a sì di òkúta sínú ihò yìí. Nínú irú òkúta 10, nǹkan bí 8 ni ó máa ń wà ní ti abẹ́ àgbọ̀n. Bí a bá ń jẹun, itọ́ yóò pọ̀ sí i, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi ń wú. Bí a bá pa á tì, ó lè gba ọyún.

Awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wo inú ihò itọ́

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí à ń pè ní ẹńdósíkóòpù, wo inú ihò yìí. Kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2 lọ. Dókítà yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora, yóò rọra la ojú ihò náà, yóò sì ti inú ẹnu ki awò náà bọ̀ ọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò hàn lójú ẹ̀rọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n: òkúta ni, tàbí ihò ni ó fún. Bí òkúta náà bá kéré, wọ́n lè fi apẹ̀rẹ̀ wáyà tín-ín-rín fà á jáde lójú ẹsẹ̀, láìfi abẹ kan ojú. Ó wúlò pẹ̀lú fún ọmọ tí iwájú etí rẹ̀ ń wú léraléra, nítorí ṣegede kì í sábà mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò awò yìí, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní in. Dókítà yóò kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ibẹ̀ wò, yóò sì lè ní kí ẹ ya X-ray tàbí kí ẹ ṣe sikáànì, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aboyún. Bí ọyún bá wà níbẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ máa mu omi dáadáa. Ẹ lá ọsàn wẹ́wẹ́ kí itọ́ lè máa sun, kí ẹ sì rọra fi ọwọ́ ra ibẹ̀.

2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ jinlẹ̀ síbẹ̀ tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ wá òkúta. Iṣan tí ń darí ojú gba inú àpò iwájú etí kọjá. Bí wọ́n bá gé e, ojú lè wọ́.

3. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí yín. Ẹ béèrè ìwé tí yóò darí yín sí dókítà eyín, tàbí ti etí, imú àti ọ̀fun, ní FMC, Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, tàbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù.

4. Bí ibà bá dé, tí ọyún ń jáde, tí ẹnu kò ṣe é là, tàbí tí mímí ṣòro, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí ẹ tó lọ.

5. Kókó líle tí kò rọlẹ̀, bí kò tilẹ̀ dunni, ẹ fi han dókítà kíákíá. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Òkúta tí kò ju ọkà ìrẹsì kan lọ lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ohun tí a óò fi abẹ yọ lọ́la.