Lẹ́tà Ọlọ́yàyà fún Iṣẹ́ Ọwọ́

Ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ dúdú tàbí báàgì àdìrẹ fún títà, nígbà tó bá fẹ́ kọ orúkọ ọjà rẹ̀ sára páálí, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó ṣí áàpù ìyàwòrán bíi Canva tàbí PixelLab, kó máa wo fọ́ǹtì lọ títí ọ̀kan yóò fi wù ú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó tẹ orúkọ sínú rẹ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ yí ètò yìí padà. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ ná, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀, kí orúkọ náà fúnra rẹ̀ wá máa dán fọ́ǹtì wò.

Ká fi Ọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, orúkọ tó bá ilé ìlẹ̀kẹ̀ mu dáadáa. Bí àmì rẹ̀ bá ṣubú, OSO ló kù lójú páálí, ẹlòmíì yóò sì kà á sí oṣó. Kò yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó jókòó ti ìlẹ̀kẹ̀ títí ẹ̀yìn fi dùn ún tún máa ṣàlàyé pé òun kì í ṣe oṣó.

Kí ló tilẹ̀ ń mú kí lẹ́tà ní ọ̀yàyà? Igun rẹ̀ máa ń rí róbótó, ikùn rẹ̀ máa ń yọ, lẹ́tà kan lè ga ju èkejì lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà dúró sórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ wo Cooper Black, tí Oswald Cooper yà ní Chicago, tó jáde ní 1922: ó sanra, kò ní ṣóńṣó níbì kankan, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí dòní. Ìtàn Comic Sans tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vincent Connare, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, rí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ajá ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fi Times New Roman kọ ọ̀rọ̀ ajá náà. Ó rí i pé ohùn yẹn kọ́ ló yẹ irú ajá bẹ́ẹ̀, ló bá ya lẹ́tà mìíràn ní 1994, tó jọ èyí tí wọ́n ń lò nínú ìwé eré alálàwòrán. Ohun tó ṣe ni kí ẹ ṣe: ẹ béèrè bóyá ohùn lẹ́tà bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mu.

Ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ló máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Fìlà ọmọdé tí wọ́n fi òwú hun fẹ́ lẹ́tà róbótó. Igbá fífín fẹ́ èyí tó ní igun, bí ẹni pé ọ̀bẹ ló gé e. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà, bá lẹ́tà tó ń sanra tó tún ń tẹ́ẹ́rẹ́ mu. Èyí tí mi ò fẹ́ rí mọ́ ni àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà nítorí pé wọ́n rí págunpàgun. Neuland, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ Rudolf Koch ni, ní Jámánì, ní 1923. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yìn ìwé lókè òkun ló sọ ọ́ di àmì Áfíríkà. Ẹni tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ní ọwọ́ tirẹ̀ tó lè fi ṣe àpẹẹrẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì. Fọ́ǹtì jẹ́ àkójọ àwòrán lẹ́tà, ẹni tó yà á ló sì pinnu èyí tí yóò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọlọ́yàyà jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ya A dé Z, nọ́ńbà, àti ìwọ̀nba àmì tí èdè Faransé àti Sípéènì ń lò, tó sì dúró níbẹ̀. Bí a bá tẹ ọ tàbí ṣ tí kò sí nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà máa ń lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ tí lẹ́tà rẹ̀ sanra, tí ọ̀kan ṣoṣo sì gbẹ láàárín wọn.

Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ọ ni wọ́n, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀. Kí àmì tó lè jókòó dáadáa, ẹni tó ya fọ́ǹtì ní láti fi ibi ìsomọ́ kan tí ojú kò lè rí sára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é, àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀lé e.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó gba èdè Vietnam, bíi Lobster, Pacifico àti Baloo 2 lórí Google Fonts. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà wọn yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè náà kò ní ṣ, àmì abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àmì ohùn fúnra rẹ̀, àmì ohùn mìíràn kì í tún bá a jókòó sára lẹ́tà kan náà. Nítorí náà ṣ, ọ́ àti ọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ wò, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré: Ọ̀ṢỌ́, ọ̀ṣọ́, ìlẹ̀kẹ̀.

Bí fọ́ǹtì tó wù yín kò bá ní wọn, ó ṣeé tún ṣe. É àti è ti èdè Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo fọ́ǹtì. Nínú ètò ìyàwòrán bíi CorelDRAW tàbí Inkscape, ẹ sọ wọ́n di àwòrán, ẹ gé àmì orí wọn, kí ẹ gbé e lé o. Àmì ìdánudúró fọ́ǹtì kan náà ni kí ẹ gbé sábẹ́ o àti s. Ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n, nítorí náà àmì yóò sanra bí lẹ́tà ṣe sanra. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù. Àmì abẹ́ mẹ́ta ló wà nínú Ọ̀ṣọ́: ilé ìlẹ̀kẹ̀ lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlẹ̀kẹ̀, iyùn pupa méjì, sẹ̀gi búlúù kan láàárín. Ọ̀yàyà tí fọ́ǹtì kankan kò lè fún yín nìyẹn, inú orúkọ yín ló ti wá. Bí orúkọ bá gba ìlà méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má baà kọlu àmì ohùn ti ìsàlẹ̀.

Ohun tí a ó tẹ lẹ́tà sí tún ní ẹ̀tọ́ sí ìpinnu. Lórí òǹtẹ̀ rọ́bà, tàdáwà máa ń dí àlàfo tó wà láàárín ọ àti àmì abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ fa àmì náà sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Lórí aṣọ pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ báàgì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń pòórá. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé lẹ́tà sára páànù, bí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ṣe máa ń gé ọnà sára rẹ̀, ikùn O yóò já bọ́ àfi tí ẹ bá fi afárá kékeré so ó mọ́ ara.

Orúkọ nìkan ni kí lẹ́tà ọlọ́yàyà gbé. Ohun tí ọṣẹ ní nínú, nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ṣeé kà fún ìyá àgbà tí kò mú awò ojú rẹ̀ dání. Andika, Charis SIL àti Noto Sans gba gbogbo àmì Yorùbá.

Ẹ ka ìwé àṣẹ tó bá fọ́ǹtì wá pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ “personal use” sí kò sí fún ohun títà. SIL Open Font License gbà yín láàyè láti fi í ta ọjà, àti láti tún fọ́ǹtì náà ṣe pàápàá. Àmọ́ kò gbà kí ẹ ta fọ́ǹtì náà ní òun nìkan.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ tẹ ẹ̀dà kan jáde ní ìwọ̀n tí yóò wà lára páálí gan-an, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ orúkọ náà kó kà á sókè. Bó bá kà á tọ́, ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán, nítorí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé lè má ní fọ́ǹtì yín, kò sì ní béèrè kó tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tó ṣì ṣeé tún ṣe pamọ́ sílé.