Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Pàjáwìrì àti òmìnira wa

Ẹ̀yin ará Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ṣé ẹ mọ̀ pé láyé ìjọba alágbádá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé alábòójútó tí a ò dìbò yàn lé wa lórí?

Òfin òmìnira 1960 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n ó tún gba àpapọ̀ láàyè láti kéde pàjáwìrì. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi lo agbára náà. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, 1962, aṣòfin kan fò sórí tábìlì n'Ílé Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn, ọlọ́pàá sì da tajútajú sí wọn lójú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó kéde pàjáwìrì, Dókítà Májẹ̀kódùnmí sì di alábòójútó Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwa náà wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Lábẹ́ pàjáwìrì yìí, wọ́n há Rotimi Williams mọ́ Abẹ́òkúta. Àgbà lọ́yà ni wọ́n lọ tọ́, ó kúkú gba kóòtù lọ! Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé àṣẹ ìhámọ́ náà: bí pàjáwìrì tilẹ̀ wà, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìdí tó bójú mu hàn kó tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Alábòójútó ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Ọ̀gágun Olúrìn l'Ékìtì, oṣù Kẹwàá, 2006.

Agbára pàjáwìrì ṣì wà nínú òfin 1999, abala 305. Ẹ wá a kà.