Bí mo ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ sọ̀wédowó ẹgbẹ́ wa ní Dublin

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ lórí owó àti kọ̀ǹpútà nínú ètò wa, ìbéèrè kan ló ń tún wọlé: "Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń kọ sọ̀wédowó ní Dublin ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣì ń kọ ọ́. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan níbí, ọwọ́ mi sì ni ìwé sọ̀wédowó ẹgbẹ́ wà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ètò kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá mi ṣọ́ owó yẹn, àti ìdí tí áàpù báǹkì nìkan kò fi tó.

Kí ni sọ̀wédowó gan-an?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: sọ ìwé di owó. Ẹni tó gba ìwé náà ló máa sọ ọ́ di owó. Títí dìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé lásán ni.

Òfin tó ń darí sọ̀wédowó ní Ireland ti dàgbà. Ọdún 1882 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Ireland ṣì wà lábẹ́ ìjọba London. Òfin náà ní àṣẹ ni sọ̀wédowó jẹ́, tí èèyàn kọ sí báǹkì rẹ̀, pé kí wọ́n san iye kan nígbà tí wọ́n bá béèrè fún un. Ó tún ní tí iye tí a fi nọ́ńbà kọ bá yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọ̀rọ̀ kọ, ti ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àṣejù ni kíkọ tí à ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjọba ń gba owó òǹtẹ̀ 50 sẹ́ǹtì lórí sọ̀wédowó kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó bá ní ewé 25, €12.50 ti lọ kí a tó kọ ohunkóhun síbẹ̀. Kí ló dé tí a kò jáwọ́? Ìdí kan ni pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ti ẹgbẹ́ wa, èmi àti alága. Kò sẹ́ni tó lè dá owó ẹgbẹ́ ná. Ìdí kejì ni pé bàbá tó ni gbọ̀ngàn tí à ń yá kò fẹ́ gbọ́ nípa ohun mìíràn.

Ibi tí ìjàǹbá wà

Ká ní €1,240 ló wà nínú àkáǹtì ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù, a kọ sọ̀wédowó €600 fún bàbá onígbọ̀ngàn. Bàbá ki ìwé bọ àpò kóòtù, kò sì rántí ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣí áàpù báǹkì ní gbogbo àsìkò yẹn, €1,240 náà lẹ máa rí. Áàpù ò parọ́ o. Ìwé náà ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ báǹkì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, alága wo áàpù, ó ní, "Akápò, owó ṣì wà, ẹ jẹ́ ká san ti àwọn onílù." Ti àwọn onílù jẹ́ €700. Tí a bá kọ ọ́, a ti ṣèlérí €1,300 lórí €1,240. Ó ku €60 kó pé, ọ̀kan nínú sọ̀wédowó méjèèjì sì máa padà láìsan.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí lè di ẹjọ́. Láti ọdún 1977 ni òfin ti wà níbẹ̀ tó lè rán ẹni tó kọ sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní Dublin níbí, báǹkì lè yọ owó ìtanràn, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni WhatsApp ẹgbẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnìkan á ti bèèrè pé, "Owó wa dà?" Tí wọ́n bá ti bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ akápò lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń pẹ́ kí ọkàn àwọn èèyàn tó balẹ̀, kódà bí kò tiẹ̀ jí kọ́bọ̀.

Nígbà tí báǹkì tì pa

Ìlú Dublin yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1970, ìyanṣẹ́lódì ti àwọn báǹkì ńlá ilẹ̀ Ireland pa, wọn ò sì ṣí títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Ó lé ní oṣù mẹ́fà! Síbẹ̀, ọjà ò dúró. Àwọn èèyàn ń kọ sọ̀wédowó fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí báǹkì tó máa sọ ọ́ di owó. Àwọn onílé ọtí àti àwọn onísọ́ọ̀bù ló ń gbà á, torí wọ́n mọ oníbàárà wọn, wọ́n mọ ẹni tó lówó àti ẹni tó kàn ń ṣe fàájì. Antoin Murphy, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Trinity College Dublin, kọ ìwádìí lórí ẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1978.

Ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lè bi báǹkì pé, "Èló ló kù mí kù?" Ohun tí kálukú ní ni àkọsílẹ̀ tirẹ̀, bóyá lára ègé ìwé tó máa ń kù nídìí nígbà tí a bá ya sọ̀wédowó kúrò. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, òkùnkùn ló wà. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ètò orí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún wa lónìí.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1983, Scott Cook àti Tom Proulx dá ilé-iṣẹ́ Intuit sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, wọ́n sì ṣe Quicken, tó gbé àwòrán sọ̀wédowó àti ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá sójú kọ̀ǹpútà. Èmi, GnuCash ni mò ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 1998, orí kọ̀ǹpútà mi sì ni fáìlì ẹ̀ ń gbé.

Ìlà kan ni fún owó kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, nọ́ńbà sọ̀wédowó, ẹni tí a kọ ọ́ fún, ohun tí a san án fún, iye tó wọlé tàbí tó jáde, àti iye tó kù. Òfin mi ò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ tí bíírò bá kan ìwé ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí báǹkì bá san án. Torí náà, bí a bá ti kọ €600 ti bàbá, kọ̀ǹpútà mi á sọ pé €640 ló kù, ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì yúrò. Èyí ni mo máa sọ fún alága tó bá bèèrè ti àwọn onílù, á sì mọ̀ pé owó ò tíì tó.

Lẹ́tà kékeré kan tún wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. *n* túmọ̀ sí pé báǹkì ò tíì san án. *c* túmọ̀ sí pé mo ti rí i pé ó kọjá. *y* ni pé mo ti fi wé ìwé báǹkì, ó sì bára mu. Ní ìparí oṣù, mo máa ń tẹ iye tí báǹkì kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn, lẹ́yìn náà mo máa mú gbogbo ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ di 0. Àwọn tí kò tíì ní àmì ni ìwé tó ṣì ń rìn káàkiri nínú àpò kóòtù. Báǹkì kì í sábà san sọ̀wédowó tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, nítorí náà tí *n* kan bá pẹ́ jù, mo máa ń pe bàbá lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àpò yín."

Àwọn ìyá wa ti mọ iṣẹ́ yìí pẹ́. Alájọ ní ìwé tiẹ̀, ẹni tó ń dájọ́ ní káàdì tiẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó owó, wọ́n á gbé méjèèjì síta, wọ́n á kà á. Báǹkì ni alájọ mi, GnuCash sì ni káàdì ọwọ́ mi.

Ohun kan rèé o: ètò náà kò fọwọ́ kan owó. Ó lè tẹ sọ̀wédowó jáde bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àmọ́ inú ìwé tí báǹkì fún wa ni mo ṣì ń fọwọ́ kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò kọ sọ̀wédowó rí

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn báǹkì ilẹ̀ tó ń ná yúrò gbọ́dọ̀ lè fi owó ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ó dáa. Àmọ́ owó ilé tó máa jáde ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ńkọ́? Iná ńkọ́? Owó tí ẹ ti ṣèlérí fún àwọn ará ilé ńkọ́? Áàpù yín ò lè yọ ohun tí kò tíì mọ̀.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ lè fi Yorùbá sọ orúkọ àwọn àpò owó yín, GnuCash á gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Tèmi ni "Owó gbọ̀ngàn", "Onílù" àti "Ìrànlọ́wọ́". Tí ìyàtọ̀ yín kò bá di 0, ẹ kọ̀wé sí wa, a máa jọ wá a lórí ètò tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀.