Ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná jù: Kí olówó ọkọ̀ tó bu omi sí i, kó wádìí ibi tí omi àná gbà lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun mu gan-an, yálà ó ń fi dánfó kó èrò, ó ń fi bọ́ọ̀sì pín búrẹ́dì, tàbí ó ń kó tòmátò láti ọjà Mile 12 lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú gbogbo àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀, ọ̀kan tó tètè ń sọ ọlọ́kọ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Èyí tó wá ń dunni jù ni pé ohun tó dá a sílẹ̀ lè má ju rọ́bà kan tó lu tàbí ìdérí rédíétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́ lọ.

Ká mú un bí àpẹẹrẹ pé ẹnì kan ní bọ́ọ̀sì tó ń mú ₦15,000 wọlé fún un lójúmọ́. Rọ́bà omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́ẹ̀gì omi ló gbé sẹ́yìn ọkọ̀, tó ń bu omi kún un láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi tán pátápátá, orí ẹ́ńjìnnì tẹ̀, top gasket sì jó. Bí ọkọ̀ náà bá lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ₦150,000 ti wọgbó níbi owó ojoojúmọ́ nìkan. Wọn kò tíì ra gasket, wọn kò tíì gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú, wọn kò sì tíì san owó iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì, ó di kí wọ́n lọ wá tokunbo mìíràn ní Ládípọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ẹ̀yà ọkọ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, mọ̀ pé owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe

Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ń mú ooru púpọ̀ jáde. Apá kan nínú agbára náà ló ń yí táyà, òmíràn ń bá èéfín lọ, èyí tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta sì ni omi gbọ́dọ̀ gbé kúrò kí irin má baà tẹ̀. Pọ́ǹpù omi ló ń ti omi náà yí ẹ́ńjìnnì ká. Omi gbígbóná á gba rọ́bà òkè wọ inú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ á mú un tutù níbẹ̀, á sì gba rọ́bà ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Thermostat ni máígáàdì ọ̀nà náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á ti ilẹ̀kùn. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 82 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius, gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀ bá ṣe rí, á ṣí i. Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi inú ìkòkò lásán máa ń hó ní 100. Ìdérí tó dára ń há ooru mọ́ inú débi pé omi kò ní í hó títí yóò fi tó nǹkan bíi 120. Bí rọ́bà inú ìdérí náà bá ti sán, omi á máa hó, á sì máa tú jáde, bí gbogbo ẹ̀yà yòókù tilẹ̀ dára.

Níbo ló ti ń gbóná?

Ìbéèrè tó yẹ kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ bi awakọ̀ rẹ̀ nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ríra ẹ̀yà tí kò bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta tàbí Ìyànà-Ìpájà ló ti ń gbóná, àmọ́ tí ọwọ́ géèjì ń padà wálẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, fáànù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí ọkọ̀ bá wà lórí eré, atẹ́gùn iwájú ń bá fáànù ṣiṣẹ́. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ fáànù oníná, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, kí wọ́n yẹ fíùsì, relay àti wáyà rẹ̀ wò kí wọ́n tó ra fáànù mìíràn. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì ló ń yí i, kí wọ́n wò ó bóyá bẹ́líìtì náà ti dẹ̀ tàbí ó ti ń ya.

Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, bíi lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí nígbà tó bá ń fi ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ nínú ìgboro, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jẹ́ ti fáànù. Omi ni kò rọ́nà lọ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé omi ti dín kù, ó lè jẹ́ pé ìpẹtà ti dí inú rédíétọ̀ tàbí kí eruku ọyẹ́ àti kòkòrò ti bo ojú rẹ̀ níta. Ó sì lè jẹ́ pé pọ́ǹpù omi ti jẹ, tàbí pé rọ́bà ìsàlẹ̀ ti rọ̀ débi pé ó ń fún pọ̀ bí pọ́ǹpù bá ń fa omi.

Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tan án ló ti ń gbóná, kí wọ́n wò ó bóyá omi ti lọ sílẹ̀ tàbí thermostat ti há. Bí rọ́bà òkè bá gbóná janjan tí tìsàlẹ̀ sì tutù, omi kò kọjá nìyẹn: thermostat kò ṣí tàbí rédíétọ̀ ti dí. Kí ẹni tó bá ń fọwọ́ kan rọ́bà náà pa ẹ́ńjìnnì kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì jìnnà sí fáànù.

Ohun kan tún wà tó ń tan awakọ̀ jẹ. Ọwọ́ géèjì lè gòkè, kó sì já wálẹ̀ lójijì, kí awakọ̀ máa rò pé ara ọkọ̀ ti balẹ̀. Inú omi ni ohun tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ wà kó tó lè sọ òótọ́. Bí omi bá ti tán lára rẹ̀, ó lè máa sọ pé ara tutù nígbà tí irin ń jóná lọ.

Omi tó dín kù, ibì kan ló gbà lọ

Ẹ́ńjìnnì kì í mu omi bó ṣe ń mu epo. Ọkọ̀ tí wọ́n ń bu omi sí láràárọ̀ ń jò, yálà níta tàbí nínú. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí páálí bá ti tutù láàárọ̀ ni yóò tọ́ka sí ibi tí omi ti ń kán: abẹ́ rédíétọ̀, ẹnu rọ́bà, tàbí ibi tí pọ́ǹpù omi wà. Omi mímọ́ tó ń kán láti ara AC kì í ṣe àìsàn. Kí wọ́n tún wo ara rédíétọ̀ àti ẹnu àwọn rọ́bà, nítorí omi tó bá gbẹ síbẹ̀ máa ń fi àmì funfun, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ìdérí, kí nọ́ńbà orí tuntun, bíi 0.9 tàbí 1.1, bá ti àtijọ́ mu.

Bí páálí bá gbẹ tí omi sì ń dín kù síbẹ̀, àmì mẹ́rin ni kí wọ́n wá. Èkíní, ọ́ìlì tó ti di bíi tíì oní mílíìkì. Èkejì, èéfín funfun tí kò dá bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti gbóná dáadáa. Ẹ̀kẹta, ìfófòó tó ń ru sókè lẹ́nu rédíétọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀ tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, tí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kẹrin, rọ́bà òkè tó le gbandi kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá. Bí méjì nínú ìwọ̀nyí bá pàdé, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé top gasket ti lọ. Kí ọkọ̀ náà má ṣe jáde lọ ṣiṣẹ́ mọ́. Bí mẹkáníìkì bá tú orí ẹ́ńjìnnì, kó wọ̀n ọ́n bóyá ó ṣì tẹ́jú. Gasket tuntun lórí irin tó ti tẹ̀ kò ní í pẹ́ tí yóò fi jó.

Ẹ má yọ máígáàdì kúrò lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ thermostat dànù bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná. Wọ́n ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí rédíétọ̀ ló dí, yíyọ thermostat kò ní í là á. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in á máa ṣiṣẹ́ ní ara tútù, á tètè jẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì máa fi epo kún epo nítorí ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, kò sí oníṣòwò tó lè pe ìyẹn ní nǹkan kékeré. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, thermostat yìí náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ooru á tilẹ̀ pọ̀ sí i.

Ó rọrùn láti dán thermostat wò. Kí wọ́n fi okùn so ó, kí wọ́n jù ú sínú ìkòkò omi lórí iná. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti la ẹnu. Bí kò bá là á, kí wọ́n ra òmíràn.

Omi kànga náà wà lára ohun tó ń fa wàhálà. Èérún funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù ni irú rẹ̀ ń dí inú rédíétọ̀. Coolant tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí, tí wọ́n fi omi dísítílì là ní ìlàjì sí ìlàjì bí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀, ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó.

Bó bá gbóná lójú ọ̀nà

Kí awakọ̀ pa AC, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó sì pa ẹ́ńjìnnì. Bí ibi tó wà kò bá jẹ́ kó lè tètè dúró, kó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ dé òpin. Yóò gbé díẹ̀ nínú ooru náà kúrò. Kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, nítorí omi náà lè fọ́n sí i lójú, kó sì bó o. Ó kéré tán, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sì gbọdọ̀ da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó. Irin lè sán.

Àdéhùn ọ̀gá àti awakọ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, awakọ̀ rí géèjì. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá dúró fún wákàtí méjì, owó òun kò ní í pé lálẹ́, ọ̀gá á sì bínú. Nítorí náà, á máa wà á lọ. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ ní láti bá awakọ̀ ṣe àdéhùn: kó máa wo omi láràárọ̀ kó tó tan ọkọ̀, kó máa kọ iye tó bá bù sí i sínú ìwé, kó sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì bó bá ti bu omi ní ọjọ́ méjì léra. Lọ́jọ́ tí ooru bá sì dá a dúró, kí ọ̀gá yọ̀ǹda owó àwọn wákàtí yẹn fún un. Bí ọkọ̀ tó ń mú ₦15,000 wọlé bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, wákàtí méjì jẹ́ ₦3,000. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì jẹ́ ₦150,000.