Ta Ni A Ń Ṣán Pápá Fún?

Nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ́ kù ní ibùdó, pápá bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. A ṣán igbó, a ri òpó mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ kéékèèké sì ń ṣeré tiwọn lójú ọ̀nà katakata. Ọjọ́ tí katakata fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọmọ ọdún mẹ́rin kan pa ni ojú wa tó là.

Pápá tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 64, ń gba ilẹ̀ tó lé ní éékà kan àtààbọ̀. Ènìyàn 22 péré ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ilé 30 ló wà ní ibùdó yín, tí ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ 180: 34 kò tíì pé ọdún 5, 51 wà láàrin ọdún 5 sí 12, 22 láàrin ọdún 13 sí 17, 58 láàrin ọdún 18 sí 45, 15 yòókù sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ 85 nìyẹn tí pápá àgbà kò wúlò fún.

Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ó lé ní 40 nínú ènìyàn 100 ní Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 15. Ṣùgbọ́n ibùdó àwa tí a ṣí wá kì í rí bí ìlú. Níbòmíràn alágbàṣe ló pọ̀, níbòmíràn ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ kà á fúnra yín.

A mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, ẹ gbé igbá márùn-ún kalẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kí ìyá ilé fúnra rẹ̀ ju ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sí i: ẹ̀wà funfun fún obìnrin, pupa fún ọkùnrin. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ìwé owó orí. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ bi í bóyá a bí i ṣáájú ọdún tí a dé ibùdó tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àwọn alágbàṣe àti àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ wálé fún ìsinmi.

Bí igbá àwọn ọmọdé bá kún jù, ẹ wá ibi tó ní ibòji nítòsí ilé, níbi tí ìyá ti lè pe ọmọ kó gbọ́, tó jìnnà sí ọ̀nà katakata àti ilé oògùn kòkòrò. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Omi ni wọ́n ń pọn ní ìrọ̀lẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Abẹ́ òṣùpá ni eré tiwọn, àgbàlá tó mọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn àgbà ò béèrè ju ìjókòó àti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ òní yóò di ẹni ọdún 18 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ pápá ńlá kọ́lé. Ẹ gbin ẹ̀pà sí i ná. Kí ẹ tó ṣán ohunkóhun, ẹ lọ bá baálẹ̀ àwọn onílẹ̀, kí ẹ sì ka àwọn ọmọ tiwọn pọ̀ mọ́ tiwa. Ibi kan náà ni gbogbo wọn yóò ti jọ máa ṣeré.