Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, àmọ́ físíìsì wà lẹ́nu ọ̀nà!

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú akólòlò àti ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ẹ gbọ́ o. Pé ẹ gboyè nínú ìmọ̀ èdè nílé nìkan ò tó. ASHA, ẹgbẹ́ tó ń fún wọn níwèé ẹ̀rí iṣẹ́ níbẹ̀, ní ẹ gbọ́dọ̀ ti ka báyọ́lọ́jì, sìtátísítíìsì, ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọmọ èèyàn, àti físíìsì tàbí kẹ́mísìrì.

Ẹni tó ti sá fún físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì tún wá pàdé ẹ̀! Àmọ́ a ò lè bá wọn jà, ṣebí afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lohùn. Báyọ́lọ́jì náà, ti èèyàn tàbí ti ẹranko ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí ò sì lè rọ́pò sìtátísítíìsì.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé: àwọn yunifásítì kan á ní kẹ́ ẹ kà wọ́n tán kẹ́ ẹ tó wọlé, àwọn mìíràn á ní kẹ́ ẹ máa kà á lọ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ èsì tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé wò, bóyá físíìsì ọdún àkọ́kọ́ yẹn ṣì wúlò.