Patanmọ́, Ewé Onítìjú

Nígbà tí mo wà ní ilé kéú, bí Alfa bá ti ní ká lọ pọn omi tí a ó fi fọ wàláà, etí odò la máa ń pẹ́ sí. Patanmọ́ tó tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní ló ń dá wa dúró. A ó lóṣòó tì í, a ó pè é lórúkọ, a ó ní kó pa itan mọ́, pé àna rẹ̀ ń bọ̀. Bí ìka wa bá ti kàn án, ewé á ká mọ́ra, ọ̀pá rẹ̀ á sì tẹrí ba. Lójú tiwa, ó gbọ́ Yorùbá ni. Alfa wa kì í fẹ́ gbọ́ ofọ̀ sétí, ṣùgbọ́n kò bá wa jà nítorí eré yìí. Ó ní ìtìjú wà lára ìgbàgbọ́, pé ewéko náà sì ní in jù wá lọ.

Kò ga. Ó ń rá mọ́lẹ̀, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì rí roboto, bí òwú àlùkò tó ti ṣá díẹ̀. Àsìkò òjò ló máa ń gbilẹ̀ ní Ìlọrin: létí odò Asà, létí Ọ̀yun, ní pápá bọ́ọ̀lù, níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù tí igi kò ṣíji bò ó. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa o. Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kó tó tàn ká ilẹ̀ olóoru gbogbo. Lọ́dún 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ ọ́ ní Mimosa pudica, pudica sì ni onítìjú ní èdè Látìn. Òun àti ẹni tó sọ ọ́ ní patanmọ́ níhìn-ín kò ríra rí, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n rí.

Inú orúkọ patanmọ́ yẹn ni oògùn rẹ̀ ti jáde. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tó di babaláwo, fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995, pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ ewé ni ofọ̀ máa ń dì mú: ohun tí ewé ń jẹ́ ni wọ́n ń ní kó ṣe. Ìyá eléwé-ọmọ kan ní Ọjà Ọba sọ ọ́ fún mi lọ́nà tó tètè yé mi: "Ọmọ mi, ohun tó bá ṣí sílẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n pa dé la fi ń wá a." Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gún un lé ojú ọgbẹ́. Wọ́n ń sè é fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì ń fún aboyún tí oyún rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀ láìtọ́jọ́ mu. Àwọn mìíràn ń fi pa ọ̀tá lẹ́nu mọ́ bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù. Ará Íńdíà náà ń lò ó fún ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ dídà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́ ofọ̀ wa.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò gba gbogbo rẹ̀ mì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, omi ló ń mú ewé náà ká: ibì kan wú díẹ̀ ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ bá kàn án, omi á sá kúrò lápá kan rẹ̀, ewé á rọ, bí omi bá padà, á tún là. Claude Bernard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fa ether sí i nímú, oògùn tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun nígbà náà kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ni patanmọ́ bá sùn! Wọ́n fọwọ́ kàn án, kò mira. Ìwé tó kọ ọ́ sí jáde ní 1878. Ṣáájú rẹ̀, ní 1729, de Mairan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé mìíràn, gbé ewéko onítìjú sínú òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níta, ewé á là láìrí oòrùn, bí ẹni tó gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà.

Ti aboyún ló ń bà mí lẹ́rù. Èròjà kan wà nínú patanmọ́ tó ń jẹ́ mimosine, májèlé ni, bí ẹṣin bá jẹ ẹ́, irun rẹ̀ lè jábọ́. Orúkọ ewé kò lè so oyún ró. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá a ṣeré létí odò. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró se àgbo.